Igi Àfọ̀n Tí Agatha Kọ

Nígbà tí Agatha kọ́kọ́ gbé ìwé tó ń kọ lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí, bàbá náà ka ojú ewé bíi mélòó kan, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wá bi í pé kí ló dé tí oòrùn inú ìwé yìí fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọ.

Agatha kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun tọrọ àforíjì. Òótọ́ kúkú ni bàbá náà sọ. Àkùkọ ti kọ nínú ìwé náà, ìrì ti sẹ̀ sórí ewé kòkó, ó ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tẹ ìlú Okeluse dó, ó ti ka orúkọ àwọn baba ńlá dé orí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ìtàn dá lé lórí ṣì ń sùn fọnfọn lórí ẹní.

“Jí i,” ni Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí wí. “Gbé e sórí ọ̀kadà rẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan yí padà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìlú bá ṣe pàtàkì, a ó rí i lójú ọ̀nà bó ṣe ń lọ.”

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nílùú Ọ̀wọ̀, ni wọ́n ti máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn díẹ̀ tí ìwé kíkọ ń jẹ lọ́kàn. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí ni olórí wọn. Ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ ìwé ìtàn méjì láyé ìgbà tí ìwé Yorùbá ṣì ń tà. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bright, tó ń kàwé ní Pólì, a máa wá, òun a máa kọ ìtàn ìfẹ́ sórí fóònù. Agatha ni àgbà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti lé lógójì ọdún, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan nínú ìlú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé Dominic inú ìwé rẹ̀, àbúrò rẹ̀ gan-an ni. Kò tilẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó kàn sọ fún wọn pé kò ṣẹlẹ̀, òun ronú rẹ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dominic kò gùn. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ kúrò ní Okeluse lówùúrọ̀, ó ní òun ń gbé ẹ̀rọ agégi òun lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe l'Ọ́wọ̀. Wọ́n rí ọ̀kadà náà lẹ́bàá títì kí wọ́n tó dé Ifọ́n, ó dúró lórí ìdúró rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ agégi ṣì wà ní dídè sẹ́yìn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Kò sí bàtà. Àwọn ọdẹ wọ igbó, wọn ò rí nǹkan kan. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Gbogbo ilé ń retí pé àwọn ajínigbé yóò pè, wọ́n ń ṣọ́ fóònù bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin tó fẹ́ pa, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò pè títí dòní. Ìyàwó rẹ̀, Oyèkẹ́, ọmọ Ipele, ṣì wà ní Okeluse lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, òun àti ọmọbìnrin kékeré tó bí fún un. Màmá sì ń bu oúnjẹ Dominic sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á dé e, bí ilẹ̀ bá mọ́ á fi fún adìyẹ.

Torí ìyẹn ni Agatha fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Kò rí ẹni bá sọ ọ́. Èèyàn tó kú, wọ́n á bá ọ kẹ́dùn, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, ó parí. Èèyàn tó sọnù, wọ́n á bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n á máa gba ọ̀nà mìíràn kí wọ́n má baà pàdé rẹ. Ó rò pé bóyá bí òun bá to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun á rí ibi tí okùn ti já.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Agatha ti fi àbúrò bàbá mẹ́ta sínú ìtàn, bàbá náà ní kó lọ sọ wọ́n di ẹnì kan, torí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju fìlà lọ. Níbikíbi tó bá ti rí “inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi” ó máa ń fi bírò fa ìlà sí i, nígbà tó yá ìwé náà dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ tan. Ó ní kò sí ẹni tó rí inú ẹlòmíì rí.

“Ọwọ́ rẹ̀ ni kí o fi hàn mí,” ló wí. “Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kadà yẹn wọ inú ọgbà, kí ni ìyá náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?”

Agatha kò ní láti ronú. Màmá bu omi, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ọ̀kadà náà, láti iná iwájú títí dé táyà ẹ̀yìn, gbogbo èèyàn ń ké, òun ń fọ̀. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó bọ́ ìró tó wà léjìká rẹ̀, ó fi bò ó. Agatha kọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tó kà á ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bright tó máa ń tẹ fóònù kò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹnu. Bàbá náà ní gbogbo èèyàn inú ìwé náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò n'Íbàdàn. Ó bi í pé báwo ni ìyá náà ṣe máa ń pe ilé. Agatha ní “ulé” ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Bàbá náà ní, “Kí ló dé tí o wá gba ulé lẹ́nu rẹ̀?” Ó ní kì í ṣe pé kó da ẹ̀ka èdè bo gbogbo ìwé, àwọn tó ń kà á l'Ábẹ̀òkúta náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó fi díẹ̀ sílẹ̀, bí iyọ̀, kó sì máa ka ọ̀rọ̀ wọn sókè kí etí rẹ̀ lè sọ èyí tó jẹ́ irọ́ fún un.

Èyí tó ṣòro jù ni ti Dominic fúnra rẹ̀. Nínú ìwé, Dominic kì í bínú, kì í purọ́, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí ní òun kò rí èèyàn níbẹ̀.

“Áńgẹ́lì kì í gun ọ̀kadà,” ló wí. “Fún un ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tí a kò rí ẹ̀bi rẹ̀, tó bá sọnù, a ò ní mọ̀ pé ó sọnù.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Agatha lára. Ó lọ sílé, ó jókòó, ó jẹ́ kí Dominic tòótọ́ wọlé. Dominic tó máa ń súfèé nígbà tí Fadá bá ń wàásù. Dominic tó jí òbúkọ Màmá pa, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sun ún jẹ lóko, tó wá sunkún wálé pé ẹranko ló gbé e, tó tilẹ̀ bá Màmá wá òbúkọ náà kiri ìlú, tó ń pè é lórúkọ. Ó kọ ìjà tí àwọn méjèèjì jà nígbà tí bàbá wọn kú, tí wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yípo. Ó sunkún bó ṣe ń kọ ọ́, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Agatha a máa lọ sí Okeluse lọ́jọ́ Àìkú tí kò bá sí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, kò lè kàwé mọ́, nítorí náà nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun ń kọ ìwé, ó ní kó máa kà á fún òun. Ẹ̀rù ba Agatha ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi òbúkọ, Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

“Mo mọ̀ nígbà yẹn,” ni Màmá wí. “Èéfín ń rùn lára ẹ̀wù rẹ̀. Mo kàn ń wò ó bó ṣe ń pe òbúkọ ni.”

Oyèkẹ́ tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà náà rẹ́rìn-ín. Agatha kò rántí ìgbà tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé náà gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni Màmá á ti máa bi í pé ibo ni Dominic dé. Màmá a máa tún un ṣe pẹ̀lú: á ní bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ kan kì í ṣe dúdú, á ní kì í ṣe ẹ̀bá ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, iyán àná ni. Agatha á tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe ń di òtítọ́ lójú Màmá, orí kan tẹ̀ lé orí kan.

Ó wá ku ìparí.

Agatha kọ́kọ́ kọ ọ́ pé Dominic padà wálé. Ọjọ́ Àjíǹde ni, àwọn èèyàn ń jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú irùngbọ̀n. Olórí àwọn ajínigbé ló wá di ọmọ tí wọ́n jọ ka ìwé mẹ́fà, tó dá a mọ̀, tó ní kó máa lọ. Nígbà tó kà á fún ẹgbẹ́, Bright ní kó má bínú, ó dà bíi fíìmù. Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àkọsẹ̀bá lè sọ èèyàn sínú kòtò, kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àkọsẹ̀bá náà ló tún fà á jáde, òǹkàwé á mọ̀ pé òǹkọ̀wé ló na ọwọ́. Ó ní kó tún un kọ. Agatha tún un kọ lọ́nà mìíràn, Dominic tún padà. Bàbá náà ní rárá. Ó ní ìtàn náà kò lọ síbẹ̀, Agatha ló ń tì í.

Ọjọ́ yẹn ni Agatha dúró lẹ́yìn àwọn tó kù, tó sì jẹ́wọ́ fún un. Ó ní kì í ṣe pé òun ronú rẹ̀. Ó sọ ti ọ̀kadà, ó sọ ti Màmá.

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bá a kẹ́dùn dáadáa, ó ní ká ní òun mọ̀ ni, ẹnu òun ìbá rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Dominic inú ìwé, ọwọ́ Agatha ló wà.

“Òǹkàwé ti bá ọ rìn dé ibí,” ló wí. “O ò lè fi í sílẹ̀ sínú igbó kí o máa lọ sílé.”

“Èmi náà wà nínú igbó, sà,” ni Agatha dáhùn.

 Síbẹ̀, ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá náà tún béèrè ìparí.

Agatha gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ọ́. Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Kò fi omijé sí i, ọwọ́ ló fi sí i. Àwọn ọkùnrin méjì dá Dominic dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní kó bá wọn fa mọ́tò tó rì. Wọ́n mú un wọ igbó. Ó fi ẹsẹ̀ gún igi, ẹsẹ̀ náà wú, kò lè bá wọn rìn mọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi àfọ̀n kan létí odò. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń gbọ́ omi, kò lè wọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Èso àfọ̀n ń já bọ́ ní tòsí rẹ̀, gbì, ó sì ń pẹ́ kí òmíràn tó já. Ó ń súfèé bóyá ẹnì kan á gbọ́. Àgbẹ̀ kan gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ibẹ̀, ìfé ti dákẹ́. Àgbẹ̀ náà kò mọ ẹni tó jẹ́. Ó fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi náà, ó sin ín, ó to bàtà rẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, ó sì lọ, torí ẹ̀rù ń bà á.

Nígbà tó kà á tán fún ẹgbẹ́, Bright ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí gba ìwé náà, ó tún apá kan kà nínú ara rẹ̀, ó dá a padà. Kò fa ìlà kankan. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ yọ níbẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ayọ̀ gba inú Agatha kan, kó tó wá rántí ohun tó ń yọ̀ sí.

Ó ti pinnu pé òun kò ní ka orí yìí fún Màmá. Bó ṣe délé lọ́jọ́ Àìkú, tí Màmá béèrè, ó ní ó ku díẹ̀. Màmá ní kó ka díẹ̀ náà. Ohun tó mú un ṣí ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́ tán títí dòní. Bóyá ìyìn ọjọ́ Sátidé yẹn ló ṣì ń pa á bí ẹmu. Bóyá ó fẹ́ mọ̀ bí á ṣe rí létí ẹni tó mọ Dominic jù lọ. Ó kà á. Kò fo ibì kankan.

Nígbà tó dákẹ́, Oyèkẹ́ ti gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Màmá jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ń tẹ́ aṣọ orúnkún rẹ̀, á tẹ́ ẹ, á tún tẹ́ ẹ.

“Etí odò wo ni?” Màmá béèrè.

Agatha ní kò sí odò kankan, ìtàn ni, òun ló ronú rẹ̀.

“Òbúkọ ńkọ́? Ṣé o ronú rẹ̀?”

“Rárá, Màmá. Ìyẹn ṣẹlẹ̀.”

“Ìjà ẹ̀yin méjèèjì?”

“Ó ṣẹlẹ̀.”

“Aṣọ tí mo fi bo ọ̀kadà?”

Agatha pa ìwé náà dé.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni Màmá wí. “Mo ti mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Mo kàn ń dúró de ẹni tó máa lẹ́nu láti sọ fún mi ni.”

Agatha kúnlẹ̀, ó búra, ó fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Bó ṣe ń búra sí i ni Màmá ń fi orí sọ pé òun gbọ́. A kì í kúkú la ọ̀rọ̀ ikú mọ́ ìyá ọlọ́mọ lórí. Wọ́n á ní ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á ní ó le díẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ mìíràn dì í, títí ìyá á fi tú u fúnra rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe túfọ̀ bàbá wọn fún Agatha náà nígbà tó wà níléèwé. Lójú Màmá, ọlọ́pàá tàbí àgbẹ̀ náà ti sọ fún Agatha l'Ọ́wọ̀, Agatha sì ti lo gbogbo oṣù wọ̀nyí láti fi ìwé gbé ọ̀rọ̀ náà bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀, kó má baà pa òun. Oyèkẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá kò bu oúnjẹ Dominic sílẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìlú ti gbọ́. Àwọn èèyàn ń wá kí Màmá. Agatha sáré lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí, ó bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé òun lọ sí Okeluse, kó lọ ṣàlàyé, torí bóyá Màmá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Bàbá náà kò kọ̀. Ó wọ agbádá, wọ́n wọ mọ́tò. Ó jókòó ti Màmá, ó ṣàlàyé sùúrù-sùúrù pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti mú ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kó sì ṣe é bí ohun tó ṣẹlẹ̀; pé òun ló ní kí Agatha wá ìparí; pé igi àfọ̀n yẹn kò sí níbì kankan ju inú orí ọmọ rẹ̀ lọ. Màmá gbọ́ ọ dé ìparí. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti Ọ̀wọ̀ rìn wá bá òun kẹ́dùn, ó ní Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ gbà á, ó ní kí Oyèkẹ́ wá omi fún bàbá.

Wọ́n ń padà lọ, wọ́n ti kọjá Ifọ́n. Bàbá náà wá ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé láti ìgbà tí òun ti ń kọ̀wé, ẹnì kan kò gba òun gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Agatha yí ojú sí fèrèsé. Kò tún lọ sí iléèwé náà mọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ wálé. Agatha kò lè dá a dúró. Fàsásì, ọdẹ kan tó wà lára àwọn tó wọ igbó nígbà àkọ́kọ́, mú àwọn ọkùnrin kan lẹ́yìn, wọ́n wá igi àfọ̀n létí odò kiri. Àfọ̀n kò wọ́n nígbó ọ̀hún. Abẹ́ èyí tí wọ́n rí, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọn ò rí nǹkan. Wọ́n rí òmíràn, wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Fàsásì pe Agatha sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó jọ̀ọ́, kó rántí ohun tí wọ́n sọ fún un dáadáa, ṣé ọwọ́ ọ̀tún odò ni àbí òsì. Òógùn bò ó, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Agatha sọ fún un pé kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún òun. Ọkùnrin náà ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún, òun kò bínú. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí nǹkan kan gbé wálé.

Oyèkẹ́ dúró títí iye ọjọ́ tó bójú mu fi pé. Lẹ́yìn náà ó kó ẹrù rẹ̀. Agatha wà níbẹ̀ nígbà tó wá dágbére, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Bí ẹ ò bá jẹ́ kí n mọ̀, mi ò mọ̀ bí ǹ bá ṣe kúrò.” Ó mú ọmọ náà dání, wọ́n padà sí Ipele lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Agatha fẹ́ sọ fún un pé ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Ó wo ojú Oyèkẹ́, ojú ẹni tó gbé ẹrù wúwo sọ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ku Màmá nìkan nínú ilé náà.

Màmá wá ń sùn. Ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo tí Agatha rí dì mú. Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti dé, kò sùn bí èèyàn. Báyìí, bí Agatha bá lọ kí i, á bá a lórí àga ní ọ̀sán, á ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jí, kì í béèrè nǹkan kan. Kì í béèrè bóyá mọ́tò kan wọlé tàbí ta ni ń kan ilẹ̀kùn. Kò lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ń fà sẹ́yìn bí omi inú ìkòkò tó ń jò, Agatha sì rí i pé ìrètí tó ń yọ Màmá lẹ́nu lọ́jọ́sí, òun náà ló gbé e dúró.

Agatha gbìyànjú láti tún ìparí náà kọ. Ó rò pé bóun bá rí ọ̀nà tí Dominic fi lè padà, tí kì í ṣe fíìmù, tí kì í ṣe àkọsẹ̀bá, bóyá òun lè kà á fún Màmá kó tún gbà á gbọ́. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó gbé Dominic sórí ọ̀kadà, ó dé ibi àwọn ọkùnrin méjì, ó gbìyànjú láti jẹ́ kó sá, láti jẹ́ kó gba ọ̀nà mìíràn. Ibi tó bá yà sí, àfọ̀n ń já bọ́ níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ojú Dominic gan-an, bó ṣe rí ní ìgbà tí wọ́n rí ara wọn kẹ́yìn, ohun tó sì ń rí ni ẹsẹ̀ wíwú àti bàtà méjì lórí ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án rí. Ó ti kọ ọ́ dáadáa jù. Kò lè rí àbúrò rẹ̀ láàyè mọ́.

Wọ́n ṣe Mísà òkú náà lọ́jọ́ Sátidé kan ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ọ̀rẹ́ Dominic tí wọ́n jọ ń gégi wà níbẹ̀, Oyèkẹ́ wá láti Ipele pẹ̀lú aṣọ dúdú. Agatha jókòó ti Màmá níwájú, ó di apá rẹ̀ mú, apá náà ti tín-ínrín. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, òun nìkan ló mọ̀ pé ẹnì kan kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dominic. Fadá Boniface, tí kò pẹ́ tó dé ìlú náà, tí kò sì mọ Dominic rí, sọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa rẹ̀: pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni, pé ó máa ń pani lẹ́rìn-ín, pé ó kú nìkan nínú igbó ṣùgbọ́n Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀, Dominic, ó ní kí Olúwa fún un ní ìsinmi ayérayé.

“Àmín,” ni gbogbo ìjọ dáhùn, Agatha sì bá wọn dáhùn.